Apátí O! Bí A Ṣe Bá Àǹtí Wa Yan Ìbọn Àpò

Ọ̀rọ̀ ìbọn la gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má jáyà. Àwa mẹ́ta tí a kọ èyí kò di ìbọn mú rí. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju èyí tí a gbọ́ nínú ìjálá ní kíláàsì lọ, àti ìbọn ọdẹ kan tó máa ń wà lókè àjà nílé bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa ní abúlé. Bí a ṣe wá di ẹni tó ń bá ènìyàn yan ìbọn tí wọn yóò máa fi sápò, ìtàn rẹ̀ rèé.

Àǹtí kan ló bẹ̀ wá níṣẹ́. Àbúrò ìyá ọ̀kan nínú wa ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń pè wọ́n ní Àǹtí. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti gba ìwé ọmọ onílùú. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa ni wọ́n ní níbẹ̀: èlùbọ́, gààrí, ẹ̀gúsí, irú, panla àti ẹja dídì. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán, wọ́n ń lọ sídìí ọkọ̀ wọn. Ọkùnrin kan yọ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn, ó já báàgì gbà lọ́wọ́ wọn, ó sì sá lọ. Kò lù wọ́n, kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Owó ọjà ọjọ́ náà lọ, fóònù lọ, kọ́kọ́rọ́ ilé náà lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, iṣẹ́ yín dé. Mo fẹ́ ra ìbọn kékeré tí n ó máa fi sápò bí mo bá ń ti ṣọ́ọ̀bù. Màmá wà lọ́dọ̀ mi, wọn ò gbọ́ Òyìnbó. Ọmọ mi kékeré ò tíì ju ọdún méje lọ. Ohunkóhun tí olùkọ́ ìbọn bá sọ fún mi, mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tí yóò yé Màmá, kí ẹ kà á fún wọn lórí fóònù. Èmi fúnra mi lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ìjà ń dé láàárín àwa méjèèjì. Mi ò fẹ́ gbé ohun tí kò yé wọn wọ ilé tí wọ́n wà.”

Ẹnu wa kò kò lórí ẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní kí a má dá sí i. Ó ní ní ilẹ̀ wa níbí, Òfin Ìbọn ọdún 1959 ti fi ìbọn ìléwọ́ sí abala àwọn ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní, àfi bí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fún un níwèé àṣẹ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹnì kejì ní Texas kì í ṣe Ìbàdàn, àti pé ẹni tí wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru ló mọ ohun tó rí. Ẹnì kẹta ní ìbọn náà yóò wọlé bí a bá kọ̀wé bí a kò sì kọ. Ohun tó kù sọ́wọ́ wa ni bóyá yóò wọlé bá Màmá ní òye tàbí ní òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa gba iṣẹ́ náà. Èyí àkọ́kọ́ nínú wa gbà pẹ̀lú ìkùnsínú, ẹ ó sì tún gbúròó rẹ̀ níwájú.

Kíláàsì àkọ́kọ́ lójú wa ni orúkọ àwọn ẹ̀yà ìbọn. A mọ ọta, a mọ ẹnu ìbọn, a mọ ìdí ìbọn. Nígbà tí ó kan ohun kékeré tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún, a wo ara wa lójú. A kọ ọ́ báyìí pé “irin tí ìka ń fà”. A ka á fún Màmá lórí fóònù, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé apátí ni ẹ ń wí?” Ojú tì wá. Ọdún kẹta rèé tí a ti ń kọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú òwe tí a ti gbọ́ láìmọye ìgbà. Màmá fúnra wọn ló pa á fún wa: “Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun?”

Ẹ wá wo ohun ìyanu. Lórí ìwé tí olùkọ́ ìbọn fún Àǹtí, òfin mẹ́rin ló wà lókè pátápátá, èyí tí wọ́n ń kọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ di ìbọn mú ní Amẹ́ríkà. Ìkíní: gbogbo ìbọn ni kí o kà sí èyí tó ní ọta nínú. Ìkejì: má kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tí o kò fẹ́ kó bàjẹ́. Ìkẹta: ìka kò gbọdọ̀ kan apátí títí o fi ṣe tán láti yìn ín. Ìkẹrin: mọ ohun tí o fẹ́ yìn ín sí, kí o sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òwe Màmá ti kó méjì àkọ́kọ́ sínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ìbọn ìbáà lè dún, ìbáà má lè dún, má kọ ọ́ sí ènìyàn. Nígbà tí a sọ èyí fún Àǹtí, wọ́n ní àwọn ò ní nílò láti há òfin náà sórí mọ́.

Ìkẹrin ló gba àlàyé. Nílé tiwa, bíríkì ni ògiri. Ní ọ̀pọ̀ ilé Amẹ́ríkà, pákó ni wọ́n fi ṣe egungun ilé, ohun tó bo pákó náà nínú sì fẹ́lẹ́, ọta ìbọn ń gbà á kọjá wẹ́rẹ́. Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè pé, “Ṣé yàrá ọmọ wà lẹ́yìn ògiri pálọ̀?” Àǹtí ní bẹ́ẹ̀ ni. A kò fi kún un.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan ìbọn gan-an. Èrò tiwa ni pé olùkọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí irú ìbọn tó dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi Àǹtí ni pé, “Àpò wo?” Àǹtí wo ara wọn. Ìró àti bùbá ni wọ́n wọ̀ lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ náà, nítorí pé òde ni wọ́n ti ń bọ̀, ẹ sì mọ̀ pé kò sí àpò lára ìró. Bí owó bá wà lọ́wọ́ ìyá wa, etí ìró ni yóò so ó mọ́. Wọ́n lọ sílé, wọ́n yẹ ṣòkòtò wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpò ṣòkòtò obìnrin kò jìn. Fóònù gan-an ń yọrí síta nínú rẹ̀. Olùkọ́ ní kí wọ́n wọn àpò kí wọ́n tó wọn ìbọn, nítorí ìbọn tí ìdí rẹ̀ bá ń yọ síta kì í ṣe ìbọn àpò mọ́, àti pé èyí tó bá ń fì nínú àpò bí agogo yóò máa sọ fún gbogbo ayé pé òun wà níbẹ̀.

Ohun kejì ni àkọ̀. A kò gbọdọ̀ ju ìbọn sápò lásán. Ẹ ro ohun tó wà nínú àpò Àǹtí lọ́jọ́ kọ́jọ́: kọ́kọ́rọ́, bírò, owó ẹyọ, súìtì tí wọ́n ń fún ọmọ oníbàárà. Ọ̀kan nínú wọn lè wọ ibi apátí, kó sì ṣe iṣẹ́ ìka. Àkọ̀ ló ń bo apátí. Òun náà ló ń mú ìbọn dúró lóòró kí ìdí rẹ̀ lè wà lókè fún ọwọ́, òun ló sì ń sọ ìrísí rẹ̀ dà kí ó má fi ara hàn lára aṣọ. Àkọ̀ tó dára a máa di àpò mú, bí a bá fa ìbọn yọ yóò kù sẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ló sì yẹ kó bá ìbọn gbé inú àpò náà, àkọ̀ rẹ̀ ni. Súìtì gbọ́dọ̀ wá ilé mìíràn lọ. Nígbà tí a ka èyí fún Màmá, wọ́n ní, “Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.” Wọ́n ní ẹni tó bá fi owó ra ìbọn tó wá ń ṣahun sí àkọ̀, ilé ara rẹ̀ ló ń wó.

Olùkọ́ gbé ìbọn mẹ́ta kalẹ̀ ní pápá ìyìnbọn kí Àǹtí fi ọwọ́ ara wọn dán an wò. Èkíní ni Ruger LCP, tó jáde ní ọdún 2008. Kò tó 300 gíráàmù, ọta mẹ́fà ló ń wọ ilé ọta rẹ̀. Inú Àǹtí dùn sí i, ó wọ àpò bí ẹni pé kò sí ńbẹ̀. Ìkejì ni Smith & Wesson 642, tí ilé ọta rẹ̀ rí roboto tó sì ń yí, tó ń gba ọta márùn-ún. Òun lé díẹ̀ ní 400 gíráàmù. Irin tó máa ń yọ lẹ́yìn irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wà ní bíbò nínú èyí, kò ní há mọ́ aṣọ bí a bá ń fà á yọ. Ìkẹta ni SIG Sauer P365, tó jáde ní ọdún 2018. Ó tó 500 gíráàmù, ọta mẹ́wàá ló ń wọ ilé ọta rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ jù, tó wọ àpò jù, òun ló nira jù láti yìn. Ìdí rẹ̀ kò farasin: bí ìbọn bá wúwo, ara rẹ̀ ló ń gba díẹ̀ nínú agbára tí ọta fi ń jáde; bí ó bá fúyẹ́, ọwọ́ ẹni ni yóò gba gbogbo rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Àǹtí, ó sì pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ ti ń dùn wọ́n nítorí páálí ẹja dídì tí wọ́n ń gbé. Nígbà tí wọ́n yìn ín dé ìgbà kẹwàá, ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Irin kékeré tí a fi ń wo ọ̀kánkán lórí rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ojú wọn kò tètè mú un. P365 ni wọ́n fi bá àmì jù, ṣùgbọ́n kò gba inú àpò ṣòkòtò wọn kankan. Yàtọ̀ sí èyí, òun àti LCP ní ẹ̀yìn tí a gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn gbọin kí ọta àkọ́kọ́ tó wọlé. Ọrùn ọwọ́ tó ń dunni kò fẹ́ràn irú ìfà bẹ́ẹ̀. Ti 642 kò ní ìfà yẹn, ṣùgbọ́n òun náà fúyẹ́, ó sì ń ta ọwọ́ padà bí ìbáaka.

A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Màmá ló béèrè pé, “Ṣé kò sí èyí tó jọ ti àárín yẹn tó wúwo jù ú lọ?” Ó wà. Smith & Wesson 640 ni wọ́n ń pè é. Ọta márùn-ún lòun náà ń gbà, irin rẹ̀ bò lẹ́yìn, ṣùgbọ́n irin tí kì í dógùn-ún ni gbogbo ara rẹ̀, ó sì lé ní 600 gíráàmù. Èyí ju ìlọ́po méjì ìwúwo LCP lọ. Oríṣi ọta méjì ló ń gbà, èyí tó le àti èyí tó rọ̀ díẹ̀. Àǹtí mú èyí tó rọ̀. Apátí rẹ̀ le láti fà, ó sì gba pé kí wọ́n fi ìka wọn kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn gbà á. Òun ni wọ́n rà. Télọ̀ ọmọ Yorùbá kan ládùúgbò ló wá rán àpò tó jìn, tí aṣọ rẹ̀ nípọn, mọ́ ara ẹ̀wù iṣẹ́ tí wọ́n máa ń wọ̀ lé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní télọ̀ náà bi àwọn léèrè ohun tí àwọn fẹ́ fi sínú àpò tó tó báyìí. Àwọn ní fóònù ni. Télọ̀ ní, “Fóònù wo ló ń wúwo báyìí?”

Màmá bi wá lọ́jọ́ kan bóyá irú ohun kékeré bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn ní tòótọ́. A sọ ìtàn Henry Deringer fún wọn, ará Philadelphia tó ń ṣe ìbọn ìléwọ́ kékeré tó ń wọ àpò. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀, tó ń gba ọta kan ṣoṣo, ni John Wilkes Booth fi yìnbọn fún Ààrẹ Abraham Lincoln ní ilé eré Ford ní Washington, lálẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1865. Lincoln kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Màmá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, “Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.”

Òfin náà gba ọ̀pọ̀ ìwé lọ́wọ́ wa. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 ní Texas, tí òfin kò sì dí i lọ́wọ́ láti ní ìbọn, lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Àǹtí ní àwọn yóò gbà á síbẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ tó wà nídìí rẹ̀. Kíláàsì wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ni, ìdánwò alákọsílẹ̀ wà, àádọ́ta ọta ni wọ́n sì ń yìn sí àmì láti yáàdì 3, yáàdì 7 àti yáàdì 15. Kí ontàjà ìbọn tó gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ara wọn sínú fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì yẹ orúkọ wọn wò bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kankan wà ní ọrùn wọn. A tún kọ ọ́ fún wọn pé àpò tó ní ìbọn kì í wọ ibi gbogbo: kì í wọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, kì í wọ kóòtù, kì í wọ ilé ọtí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ni ilé lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà pé òun kò fẹ́ ìbọn nínú ilé òun.

Ẹyọ òfin méjì ló kan Màmá àti ọmọ ní tààrà. Ní Texas, ẹ̀ṣẹ̀ ni bí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá tẹ ìbọn tó ní ọta nítorí pé àgbà fi àìbìkítà gbé e síbi tí ọmọ náà ti lè rí i mú. Òfin ìjọba àpapọ̀ sì sọ pé ẹni tó wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà àlejò kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta ní ìkáwọ́, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìṣọdẹ. Físà àlejò ni Màmá fi wọlé. A ka èyí fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ó ti yé àwọn, àwọn kò ní fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí olùkọ́ kò sọ, tí Àǹtí kò rò, tí àwa náà kò rò: “Èmi ni mò ń fọ aṣọ nílé yìí. Bó bá kù sínú àpò ẹ̀wù ńkọ́?”

Kò sẹ́ni tó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Àǹtí wá ní àwọn yóò ra àpótí onírin tó ní àgádágodo, ibẹ̀ ni ìbọn yóò máa sùn. Wọ́n rà á lóòótọ́, wọ́n kàn án mọ́ inú wọ́díròòbù.

Màmá kò dúró síbẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, gbogbo wa wà lórí fóònù, wọ́n sì dojú ọ̀rọ̀ kọ ọmọ wọn. “Jẹ́ kí n bi ọ́. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n já báàgì rẹ gbà, ká ní ìbọn yìí wà lápò rẹ, kí lo bá ṣe?” Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọ́n dúró. Ọkùnrin náà ti ẹ̀yìn wá. Ó ti sá lọ kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Báàgì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún náà ni wọn ì bá fi wọ àpò. Ẹ̀yìn olè ni wọn ì bá rí, pẹ̀lú ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn àti ènìyàn níwájú rẹ̀. Òfin kẹrin. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ gígùn kan, Àǹtí ní, “N ò bá má rí nǹkan kan ṣe.” Màmá ní, “Ṣáà mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó máa gbé e kiri.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣiṣẹ́ ju gbogbo ìwé wa lọ. Àǹtí kò dá ìbọn padà, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé ọkọ̀ wọn wá sábẹ́ iná níwájú ilẹ̀kùn gan-an. Wọ́n kì í gbé owó ọjà sínú báàgì mọ́. Wọ́n bá onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ṣàdéhùn pé àwọn méjèèjì yóò jọ máa tìlẹ̀kùn lákòókò kan náà. Ìbọn wá di ohun ìkẹyìn nínú ètò náà, kì í ṣe àkọ́kọ́.

Ibi tí a fẹ́ dé nìyí. Oṣù kejì tí ìbọn wọlé, ọjà pọ̀ lọ́jọ́ kan, ó rẹ Àǹtí tẹnutẹnu. Wọ́n délé, wọ́n bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ sórí àga, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbẹ́yìn lélẹ̀ díẹ̀. Oorun gbé wọn lọ. Ní òwúrọ̀, Màmá ń kó aṣọ lọ sídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ bí ìṣe wọn. Wọ́n gbé ẹ̀wù náà, ó sì wúwo. Ìwúwo tí a yàn nítorí ọrùn ọwọ́ ni ó sọ fún wọn. Màmá kò kiwọ́ bọ àpò. Wọ́n dá ẹ̀wù náà padà sórí àga jẹ́jẹ́, wọ́n di ọmọ lọ́wọ́ mú, ọmọ tó ti dìde tó ń wá bàtà ilé ẹ̀kọ́ kiri nínú pálọ̀ náà, wọ́n mú un jáde sí iwájú ilé. Láti ìta ni wọ́n ti pe Àǹtí lórí fóònù, wọn kò sì sọ ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: “Apátí.”

A gbọ́ ohùn Àǹtí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹkún pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ní aago méje àárọ̀ ni, ọmọ náà ti jókòó sórí àga yẹn gan-an kí Màmá tó wọlé, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀wù.

Èyí àkọ́kọ́ nínú wa, ẹni tó ní kí a má dá sí i, sọ pé, “Ẹ ò rí i?” Ó ní ká ní kò sí ìbọn nínú ilé náà, ìgbọ̀nwọ́ ọmọ kò bá sinmi lórí nǹkan kan ju aṣọ lọ. A kò rí èsì fún un. Ẹnì kejì ní ká ní a kò kọ̀wé, Màmá ì bá ki ọwọ́ bọ àpò láti yọ ohun tó wà níbẹ̀ bí wọ́n ti máa ń yọ súìtì. Òun náà kò jayò pa. A jiyàn títí iná fi lọ ní họ́sítẹ̀lì, a sì sùn láìparí rẹ̀. Títí di bí a ti ń kọ èyí, a kò tíì parí rẹ̀.

Ohun tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fohùn ṣọ̀kan lé lórí kò pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń yan ìbọn àpò níbi tí òfin ti gbà á, kí ó wọn àpò kí ó tó wọn ìbọn. Kí ó má jẹ́ kí ìfúyẹ́ tàn án. Kí ó ra àkọ̀ ní ọjọ́ tó ra ìbọn. Kí ó sì ka gbogbo ọwọ́ tó ń kan aṣọ rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹni tó ń fọ̀ ọ́, ẹni tó ń ká a, ẹni tó ń jókòó lé e, nítorí àpò ẹni kì í ṣe ti ẹni nìkan nínú ilé tí ènìyàn ń gbé. Olùkọ́ ìbọn kò mọ ẹni tó ń fọṣọ nílé Àǹtí. Àwọn ará ilé ló mọ̀ ọ́n.

Bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa, ọlọ́dẹ, kì í wọlé kí ó jókòó kí ìbọn rẹ̀ tó gun àjà. A máa ń rò pé àṣà lásán ni.

Nílé Àǹtí báyìí, òfin tuntun ti wà. Àpótí onírin ti kúrò nínú wọ́díròòbù, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé ni wọ́n kàn án mọ́, lókè tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Bí Àǹtí bá ti ṣí ilẹ̀kùn lálẹ́, kí wọ́n tó bọ́ bàtà, kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni, Màmá yóò ké láti ilé ìdáná, “Apátí o!” Ọmọ kò gbọdọ̀ sáré lọ dì mọ́ ìyá rẹ̀ títí yóò fi gbọ́ èsì. Tí a bá ń pè wọ́n lọ́jọ́ Sátidé, a máa ń gbọ́ ọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ wa: ilẹ̀kùn á dún, Màmá á ké, àgádágodo á ṣe kọ̀. Àǹtí á wá dáhùn pé, “Ó ti sùn o, Màmá.” Ìgbà náà la máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ tó ń sáré.